Orí Kẹfà: Bàbá Ìmọ̀, Àwọn Ọlọ́gbọ́n Ayé Àtijọ́ Láàrin Àwọn Mùsùlùmí, Láti Bagdad Dé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti wọlé, ẹni tó bá gba iwájú mọ́sáláṣí kọjá ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gbọ́ ohùn méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn. Àjànásì ló ń ka Kùránì ní èdè Lárúbáwá, ẹsẹ kan lẹ́yìn èkejì. Bó bá ti dákẹ́, ààfáà tó ń ṣe tàfúsírù á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á túmọ̀ ẹsẹ náà sí Yorùbá, á fi ìtàn sí i, á sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé Súrà kejìdínlógún, ọ̀rọ̀ Ànábì Mùsá àti àjèjì kan tó dá ọkọ̀ ojú omi lu ni wọn yóò máa sọ. Bí wọ́n bá dé Súrà kọkànlélọ́gbọ̀n, Lukman ló kàn, bàbá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́gbọ́n. Àwọn ìyá tó jókòó sórí ẹní á máa mirí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wọn. Ilé ni wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Irú àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ ni orí yìí dá lé. A óò ka ìtàn Lukman àti Khidr. A óò ka ti Idris, ẹni tí àwọn onímọ̀ Bagdad sọ di Hermes. A óò sì parí rẹ̀ sọ́dọ̀ Sẹ̀tílù, afọ́jú ará Tápà tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ. Ìmọ̀ tí kò ní bàbá dà bí àlejò tí kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dá a dúró sí. Nítorí náà, níbikíbi tí ìmọ̀ bá ti ti òkèèrè wọlé, àwọn tó gbà á a máa wá bàbá fún un, ẹni tó ti pẹ́ láyé, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Tí ẹ bá pàdé ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kan nínú ìwé, ẹ má kàn béèrè bóyá ó gbé ayé rí. Ẹ béèrè pé, ọmọ wo ni wọ́n ń wá bàbá fún?

Lukman, ahọ́n àti ọkàn

Odindi Súrà kan ló ń jẹ́ orúkọ Lukman nínú Kùránì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ànábì. Ọgbọ́n ni Ọlọ́run fún un. Ohun tí Súrà náà sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Ó kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó má fi ohunkóhun ṣe orogún Ọlọ́run, kó máa kírun, kó ní sùúrù, kó má máa fi ìgbéraga rìn, kó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ohùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló burú jù nínú gbogbo ohùn. Kò sọ ìlú rẹ̀, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sọ àwọ̀ ara rẹ̀.

Àwọn onítàfúsírù ló wá wọ̀ ọ́ láṣọ. Tabari, tó kú ní Bagdad ní 923, àti Ibn Kathir, tó kú ní Dàmásíkù ní 1373, kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ pé ènìyàn dúdú ni Lukman, ará Nubia tàbí ará Hàbáṣà. Pé ẹrú ni. Pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Àwọn mìíràn ní aránṣọ ni, àwọn mìíràn ní darandaran ni. Ìtàn tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀ jù ni ti àgùntàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó pa àgùntàn kan, kó mú ibi méjì tó dára jù nínú rẹ̀ wá. Ó gbé ahọ́n àti ọkàn wá. Ó di ọjọ́ mìíràn, ọ̀gá ní kó pa òmíràn, kó mú ibi méjì tó burú jù wá. Ahọ́n àti ọkàn náà ló tún gbé wá. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní kò sí ohun tó dùn tó méjèèjì bí wọ́n bá dára, kò sì sí ohun tó korò tó wọn bí wọ́n bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìtàn yìí díẹ̀, torí ó rìn jìnnà. Àwọn Gíríìkì ní irú rẹ̀, ti Aesop, ẹrú ọlọ́gbọ́n tó ń pàlọ́ ẹranko: ahọ́n ló sè fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó ní kó se ohun tó dára jù, ahọ́n náà ló tún sè nígbà tó ní kó se ohun tó burú jù. Ẹ wá kọjá òkun lọ sí Cuba. Níbẹ̀, láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí, Ọbàtálá ló ń dán Ọ̀rúnmìlà wò. Ọbàtálá fẹ́ fi ìkáwọ́ ayé lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọmọdé ni. Ó ní kó lọ se oúnjẹ tó dára jù láyé. Ọ̀rúnmìlà lọ sọ́jà, ó ra ahọ́n màlúù, ó sè é, ó sì ṣàlàyé pé ahọ́n ni a fi ń yin ènìyàn, òun ni a fi ń pàṣẹ. Ọbàtálá ní kó tún lọ se èyí tó burú jù. Ahọ́n màlúù náà ló tún dé, torí ahọ́n náà ni a fi ń ba orúkọ ẹni jẹ́, òun náà ló ń tú ìlú.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń wó lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń jà káàkiri, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa tó dé Cuba. Tí mo bá ń kọ́ ìtàn yìí ní kíláàsì, mo máa ń rán àwọn ọmọ létí pé ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí ni ẹnu tó sọ ọ́ ní Havana. Aesop ni àwọn Gíríìkì gbé e fún, Lukman ni àwọn Mùsùlùmí gbé e fún, Ọ̀rúnmìlà ni àwọn Lukumí gbé e fún. Kálukú fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ti fọkàn tán tẹ́lẹ̀.

Ó tún ní ohun tí Lukman ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú láàrin Mùsùlùmí. Al-Jahiz, òǹkọ̀wé ìlú Basra tó kú ní nǹkan bí 868, kọ ìwé kan láti fi hàn pé àwọn ènìyàn dúdú ní ohun tí wọ́n lè fi yangàn. Lukman wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹrú dúdú tí Ọlọ́run fún lọ́gbọ́n, tí odindi Súrà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lágbára ni lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Àjèjì tó kọ́ Ànábì

Kùránì kò dárúkọ ọkùnrin tí Ànábì Mùsá bá pàdé níbi tí òkun méjì ti pàdé. Inú hádíìsì ni orúkọ rẹ̀ ti jáde: Khidr, èyí tó túmọ̀ sí ẹni àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ó jókòó lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ náà sì hu koríko tútù. Mùsá ní òun fẹ́ bá a rìn, kó kọ́ òun nínú ìmọ̀ tí Ọlọ́run kọ́ ọ. Khidr ní, o ò ní lè ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ó dá ọkọ̀ àwọn tálákà lu, ó pa ọmọdékùnrin kan, ó tún ògiri tó fẹ́ wó ṣe ní ìlú tí wọn kò ti fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mùsá figbe ta. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pínyà ni Khidr tó tú ìdí rẹ̀: ọba kan wà níwájú tó ń gba ọkọ̀ tó bá dára; ọmọ náà ì bá kó bá àwọn òbí rẹ̀; ìṣúra ọmọ òrukàn ló wà lábẹ́ ògiri.

Inú ìtàn yìí ni àwọn Súfí ti fa ọ̀rọ̀ kan yọ, ìmọ̀ ladúnní, ìmọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wọ ọkàn ènìyàn ní tààrà láìgba ọwọ́ olùkọ́. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti gbèjà. Bí ẹnì kan bá sọ pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe irọ́? Khidr ló dúró fún wọn. Ibn Arabi, tí wọ́n bí ní Murcia ní 1165, sọ pé òun pàdé Khidr ní Seville nígbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́. Láàrin àwọn ọlọ́nà Kàdírìyà àti Tìjánìyà nílẹ̀ wa, orúkọ Khidr kò jìnnà sí ẹnu tí wọ́n bá ń sọ ìtàn àwọn wòlíì. Ìmọ̀ tó fara sin bẹ́ẹ̀, àṣírí la ń pè é; kí a má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà, tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́, onígbàgbọ́ àti onífá pẹ̀lú, èdè Lárúbáwá ló ti wá.

Bí Idris ṣe di Hermes

Ibi méjì péré ni Kùránì ti dárúkọ Ànábì Idris, nínú Súrà kọkàndínlógún àti nínú Súrà kọkànlélógún. Olódodo ni, onísùúrù ni, Ọlọ́run sì gbé e sí àyè gíga. Hádíìsì sọ pé sánmà kẹrin ni Ànábì Muhammad ti bá a pàdé lálẹ́ Míráàjì. Àwọn onítàn fi kún un pé òun ló kọ́kọ́ fi kálámù kọ̀wé, pé òun ló kọ́kọ́ rán aṣọ. Wọ́n ní òun náà ni Énọ́kù inú ìwé àwọn Júù.

Láàrin ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹwàá, iṣẹ́ ńlá kan ń lọ ní Bagdad. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé Gíríìkì sí Lárúbáwá: ìwé ìṣègùn, ìwé ìṣirò, ìwé ìràwọ̀, ìwé ọgbọ́n orí tí wọ́n ń pè ní fálísáfà. Ìmọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn abọ̀rìṣà ló ti wá. Nínú àwọn ìwé náà, orúkọ kan ń jáde lemọ́lemọ́: Hermes, ẹni tó ga lẹ́ẹ̀mẹta. Òrìṣà Gíríìkì ni Hermes tẹ́lẹ̀. Àwọn Gíríìkì tó ń gbé Íjíbítì ló so ó pọ̀ mọ́ Thoth, òrìṣà ìwé kíkọ àwọn ará Íjíbítì, tí àwọn méjèèjì fi di ẹnì kan ṣoṣo.

Abu Ma'shar, awòràwọ̀ ará Balkh tó kú ní 886, ló tún ilé náà tò. Ó ní Hermes mẹ́ta ló wà. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ayé ṣáájú ìkún omi Ànábì Nùhù, ní apá òkè ilẹ̀ Íjíbítì. Òun ló kọ́kọ́ wo ìrìn ìràwọ̀. Nígbà tó mọ̀ pé ìkún omi ń bọ̀, ó gbẹ́ ìmọ̀ gbogbo sára ògiri tẹ́ńpìlì kó má baà parẹ́. Abu Ma'shar ní òun ni àwọn Júù ń pè ní Énọ́kù, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Idris. Ẹnì kejì jẹ́ ará Bábílónì, lẹ́yìn ìkún omi, òun ló sì kọ́ Pythagoras. Ẹnì kẹta padà sí Íjíbítì, oníṣègùn ni, òun ló mọ bí a ṣe ń yí irin padà di wúrà.

Ẹ wo ohun tí àlàyé yìí ṣe. Ìwé tó ti ọwọ́ abọ̀rìṣà wá di ogún ànábì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ wálé. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ ìràwọ̀ kò tún jẹ̀bi mọ́, ohun tí Idris fi sílẹ̀ ló ń kà. Ìlú Harran gan-an fi ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ òjìji yìí. Ibn al-Nadim, tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 987, sọ pé ní 830 ni Kálífà al-Ma'mun kọjá ní Harran, tó bi àwọn ará ibẹ̀ irú ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń bọ. Wọ́n ní Sábíì ni àwọn, torí orúkọ náà wà nínú Kùránì, wọ́n sì pe Hermes ní ànábì wọn. Ìlú yẹn náà ló bí Thabit ibn Qurra, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ga jù lọ, tó kú ní 901.

Suhrawardi, onímọ̀ fálísáfà ará Páṣíà, tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ní 1186. Hermes ni ó fi ṣe orísun ọgbọ́n gbogbo. Lójú rẹ̀, odò méjì ló ṣàn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì, Pythagoras àti Plato, ó sì já sọ́dọ̀ Dhu'l-Nun, Súfí ará Akhmim ní Íjíbítì, èkejì gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà, ó sì já sọ́dọ̀ àwọn Súfí Bayazid àti Hallaj. Ó ní àwọn odò méjèèjì pàdé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n pa á ní Aleppo ní 1191, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ní 1614, Isaac Casaubon, onímọ̀ èdè Gíríìkì ní Yúróòpù, yẹ èdè Gíríìkì tó wà nínú àwọn ìwé Hermes wò. Ó fi hàn pé wọn kò lè dàgbà tó bí wọ́n ti ń sọ. Lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n kọ wọ́n. Àwọn tó ti ń kà wọ́n bí ìwé tó ṣáájú Ànábì Mùsá gbọ́ ọ, ó dùn wọ́n. Lójú tèmi, Casaubon gba ọjọ́ orí lọ́wọ́ Hermes, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ní Bagdad ti di ṣíṣe.

Yanrìn

Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n gbé fún Idris, èyí tó sún mọ́ wa jù ni yanrìn títẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé Màláíkà Jibril ló tẹ àmì sórí yanrìn fún Idris, tó sì kọ́ ọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ gbayì jù nínú iṣẹ́ náà ni Muhammad al-Zanati, láti inú ẹ̀yà Zanata ní Àríwá Áfíríkà. Hádíìsì kan nínú àkójọ Muslim sọ pé ànábì kan wà tó máa ń fa ìlà, pé ẹni tí ìlà rẹ̀ bá bá tirẹ̀ mu, ó ṣe é. Kò dárúkọ ànábì náà. Àwọn kan ní Idris ni, àwọn kan ní Dáníẹ́lì ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ààfáà á tẹ́ yanrìn kíkúnná sílẹ̀, á fi ìka tẹ ojú àmì láti ọ̀tún sí òsì láìkà á. Ìlà mẹ́rin ni yóò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa so wọ́n ní méjìméjì. Ká ní ìlà kìíní ní ojú 13: ó ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ìkejì ní 10: kò sí ẹyọ, a óò kọ méjì. Ìkẹta ní 17: ẹyọ kan. Ìkẹrin ní 11: ẹyọ kan. Tí a bá kọ ọ́ láti òkè sísàlẹ̀, ẹyọ, méjì, ẹyọ, ẹyọ. Àmì kan ti jáde nìyẹn. Nítorí pé ìlà mẹ́rin ni, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ẹyọ tàbí méjì, àmì 16 ló wà lápapọ̀. Ààfáà á ṣe é nígbà mẹ́rin, kó lè rí ìyá mẹ́rin. Á ka ìlà àwọn ìyá náà ní ìbú, ọmọbìnrin mẹ́rin á jáde. Á máa da wọ́n pọ̀ ní méjìméjì títí yóò fi kan ẹlẹ́rìí méjì, àti adájọ́ kan ṣoṣo.

Ẹwà ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín dán wò. Ojú àmì tó wà lára àwọn ìyá náà ló wà lára àwọn ọmọbìnrin, ìbú la kàn kà wọ́n. Nítorí náà, iye wọn dọ́gba, àpapọ̀ wọn kò sì lè ṣẹ́ku ẹyọ. Ìdí nìyí tí adájọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àmì mẹ́jọ tí ojú wọn pé méjìméjì. Bí adájọ́ bá jáde tí ojú rẹ̀ ṣẹ́ku ẹyọ, ààfáà ti ṣì í kà. Àmì tí a tẹ̀ lókè yìí ní ojú márùn-ún. Ó lè jẹ́ ìyá, kò lè jẹ́ adájọ́ láé.

Ẹ wá fi àmì náà han babaláwo. Yóò ní, Òtúrá ni. Ẹyọ, méjì, ẹyọ, ẹyọ. Òtúrá Méjì gan-an sì ni Odù tí wọ́n ń pè ní Odù Ìmàle, tó jẹ́ pé ọmọ tí ó bá jáde sí, wọ́n a ní Mùsùlùmí ni yóò jẹ́. T. G. O. Gbàdàmọ́sí kọ̀wé lé e lórí ní 1977. Ọ̀nà tí babaláwo fi ń dé ibẹ̀ yàtọ̀. Ikin 16 ló ń gbá lọ́wọ́. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, á tẹ ojú méjì sínú ìyẹ̀rosùn, bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ojú kan. Ẹsẹ̀ méjì ni Odù ní, ọ̀tún àti òsì, 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256. Bernard Maupoil, tó kọ̀wé lórí Fá ní Dahomey ní 1943, àti William Bascom, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1969, yẹ ọ̀rọ̀ ìbátan méjèèjì wò. Ìdájọ́ tèmi ni pé àmì 16 náà jẹ́ ti ìdílé kan náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá, àwọn ìtàn tí Wándé Abímbọ́lá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo, kò sí irú wọn nínú ìwé al-Zanati. Ilẹ̀ yìí ló bí wọn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí má rò pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ yanrìn. Nawawi, onímọ̀ Siria tó kú ní 1277, sọ pé níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ìlà òun bá ti ànábì náà mu, ìlà fífà ti di èèwọ̀. Usman dan Fodio náà kọ̀ ọ́. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ààfáà wà tó ń wàásù lòdì sí i, ààfáà sì wà tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń fún ènìyàn ní tírà tí oníṣẹ́ awọ bò. Ìmọ̀ ni à ń kọ́ níhìn-ín. Ẹ̀rí ọkàn kálukú ló ni ìyókù.

Sẹ̀tílù, àti òǹkọ̀wé kan ní Ọ̀yọ́

Ọ̀nà tí ìmọ̀ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣókùnkùn tán. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ Ìmàle tọ́ka sí Mali. Johnson sọ pé nígbà tí Aláàfin Ajíbóyèdé ń pa ènìyàn ní Ìgbòho nítorí ikú ọmọ rẹ̀, ààfáà kan láti ilẹ̀ Tápà tí wọ́n ń pè ní Baba-kéwú rán ọmọ rẹ̀, Baba-Yigi, láti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn òpìtàn Ìlọrin sì sọ pé Ààfáà Àlímì gbé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìkòyí kó tó dé Ìlọrin.

Tápà yìí náà ni Johnson ní Sẹ̀tílù ti wá. Samuel Johnson jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló ti parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ló tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ó kọ ọ́ pé afọ́jú ni wọ́n bí Sẹ̀tílù. Nígbà tó di ọmọ ọdún márùn-ún, ó ń sọ ẹni tó ń bọ̀ wá kí wọn àti ohun tó mú lọ́wọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ 16 ló kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn Mùsùlùmí lé e kúrò ní Tápà. Ó la odò Ọya kọjá, ó rìn títí, ó sì fi Ilé-Ifẹ̀ ṣe ibùgbé. Bí àkókò ti ń lọ, wọ́n fi ikin dípò òkúta. Ní ti Ọ̀yọ́, Johnson ní Arúgbá, ìyá Aláàfin Onígbogí, ló gbé Ifá wá, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ fi ìbéèrè wa kan án wò. Ẹnu babaláwo sọ pé Òkè Ìgẹ̀tí ní Ifẹ̀ ni Ọ̀rúnmìlà gbé, kò mẹ́nu kan Tápà. Johnson, onígbàgbọ́, wá bàbá mìíràn fún Ifá: ènìyàn ẹlẹ́ran ara, àlejò, tí Mùsùlùmí ti lé jáde. Ifá di ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjọ́ kan. Kò tún jẹ́ ohùn Olódùmarè mọ́. Ohun tí Abu Ma'shar ṣe láti gbé ìmọ̀ abọ̀rìṣà ga, ọ̀nà kan náà ni Johnson fi rẹ Ifá sílẹ̀.

Johnson kò sì dá ṣe é. Ní 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ ọ́ pé ọmọ Kénáánì, láti inú ẹ̀yà Námúrúdù, ni àwọn Yorùbá, tí wọ́n lé kúrò nílẹ̀ Lárúbáwá. Johnson ka ọ̀rọ̀ náà, ó mọ ìtàn Lámurúdu, ọba Mẹ́kà, tí wọ́n ń sọ ní Ọ̀yọ́ náà, ó sì dá ẹjọ́ tirẹ̀ pé kì í ṣe Mẹ́kà ni àwọn Yorùbá ti wá. Apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni. Apá òkè Íjíbítì, níbi tí Hermes àkọ́kọ́ ti gbẹ́ ìmọ̀ sára ògiri. Nubia, níbi tí àwọn kan ní wọ́n ti bí Lukman. Àlùfáà tó jókòó sí Ọ̀yọ́ tó ń kọ̀wé wá bàbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì dé ibi tí àwọn ará Bagdad ti dé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Tẹ yanrìn orí ìwé: fa ìlà 16 tí o kò ka ojú wọn, yọ ìyá mẹ́rin, ọmọbìnrin mẹ́rin, títí dé adájọ́, kí o wò ó bóyá ojú rẹ̀ pé méjìméjì. Lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ àgbà kan ní àdúgbò rẹ, ààfáà ni o, babaláwo ni o, ìyá arúgbó tó ń lọ sí tàfúsírù ni o. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí o tó béèrè ohunkóhun. Ní kó sọ ìtàn ọlọ́gbọ́n kan fún ọ, kí o sì bi í pé ta ló sọ ọ́ fún òun. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, má tún un ṣe. Àwọn àgbà yìí ń lọ, ọ̀pọ̀ ìtàn wọn kò sì sí nínú ìwé kankan. Kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí o gbọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o tó sùn.